Àlá Tí N Kò Lá Nípa Ọ̀kadà Orí Omi

Ìjọ wa ní Padova, ní Ítálì, ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀rí. A ti gbọ́ ti ẹni tó gba permesso, ìwé ìgbélùú, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ìwé rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A ti gbọ́ ti arákùnrin tó yege ìdánwò patente, ìwé ìwakọ̀, tó jó dé ẹnu ọ̀nà títí bàtà rẹ̀ kan fi bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ké Halelúyà sí, èmi ni mo sì jẹ́ ẹ. Mo di máìkì mú, mo sọ fún gbogbo wọn pé mò ń jowú ọmọ tí mo fi inú mi bí.

Kì í ṣe ohun tí abiyamọ máa ń sọ. Bí ọmọ ẹni bá ń ṣe dáadáa, ọpẹ́ là ń dá, a ó sì máa fi í yangàn díẹ̀díẹ̀ lójú àwọn tí ọmọ tiwọn kò tíì rí ṣe. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí pásítọ̀ bá ti fẹ́ parí ìsìn, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, yóò ní, "Àwọn ọmọ wa yóò jù wá lọ!" Àmín tèmi ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ó tó ogún ọdún tí mo ti ń ṣe àmín yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bí àdúrà náà bá gbà, ó lè dunni.

Dámilọ́lá ni ọmọ náà ń jẹ́. Brescia ni mo bí i sí, nígbà tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ irin níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ṣì wà ní Brescia títí di òní pẹ̀lú ìyàwó mìíràn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò sì sí nínú èyí. Èmi àti Dámi là ń gbé Padova. Ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì magazzino, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, ní Verona, ọkọ̀ ojú irin ló fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó lọ sí Comune, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ó fọwọ́ síwèé, ó di ará Ítálì, ó sì padà wá jẹ ìrẹsì. Èmi dúró ní Questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwé àlejò, títí ẹsẹ̀ mi fi wú kí ìwé tèmi tó jáde. Mo dín adìyẹ fún un lọ́jọ́ yẹn, mo dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń fọ abọ́, mo ṣàkíyèsí pé tìbínú-tìbínú ni mo fi ń fọ̀ wọ́n. N kò mọ ohun tó ń ṣe mí. Nígbà tó yá ni mo mọ orúkọ rẹ̀.

Torino ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń tọ́jú ìyá arúgbó kan, Signora ni mo ń pè é, nínú ilé kan ní àjà kẹrin. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu kì í ṣe òtútù, nítorí gbogbo ayé ló ti sọ ti òtútù fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo kí aládùúgbò wa lórí àtẹ̀gùn, ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ ta nǹkan fún. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo kúnlẹ̀ kí Signora, ó rò pé nǹkan mi kan ló bọ́ sílẹ̀, ó sì bá mi bẹ̀rẹ̀ wá a. Àwa méjèèjì la wà nílẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń fún mi láyè. Àwa tí à ń tọ́jú arúgbó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá odò Po. Àwọn yòókù á máa sọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé. Èmi, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí odò ni mo máa ń wò. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ní ọkọ̀ ojú omi elẹ́ńjìnnì tó fi ń kó èrò sọdá. Ó kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Èmi mọ omi wẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù. Bí mo bá bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ kí n di ẹ́ńjìnnì mú, á ní, "Obìnrin? Ta ló máa wọ ọkọ̀ ẹ?" Lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti sọ fún ara mi pé lọ́jọ́ kan, èmi náà á gun nǹkan kan lórí omi, ọwọ́ mi ló sì máa darí rẹ̀.

Kàkà bẹ́ẹ̀, Piacenza ni mo bá ara mi lẹ́yìn tí èmi àti bàbá Dámi pínyà. Magazzino tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gùn bí òpópónà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń bọ̀, ẹrù àwọn tó ń lọ sinmi létí òkun ló máa ń pọ̀ jù: fìlà oòrùn, bàtà rọ́bà, awò tí wọ́n fi ń wo abẹ́ omi. Mo máa ń fi fìlà kan wo orí ara mi kí n tó dì í sínú páálí. Bí mo bá pe Màmá mi ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, mo máa ń ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, òun náà á ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, a ó sì máa gbọ́ èémí ara wa títí káàdì á fi tán.

Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí ilé àwọn arúgbó ní Padova, tí a ní ilé oníyàrá méjì, tí mo gba patente, tí mo ra mọ́tò kékeré kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí, mo rò pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹrin, Dámi ti Verona dé. Kò tíì bọ́ kóòtù tó fi gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi lórí tábìlì tí mo ti ń rẹ́ ilá.

"Mamma, guarda."

Ó ní kí n wò ó. Fídíò ni. Omi náà mọ́, ó dà bí ewé tútù, erékùṣù kéékèèké wà káàkiri inú rẹ̀, nǹkan bí alùpùpù mẹ́fà sì ń sáré lórí omi ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Ọkùnrin kan ló ṣíwájú, àwọn yòókù tò tẹ̀lé e bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ.

"Ọ̀kadà orí omi?" ni mo bi í.

"Moto d'acqua, sì. È un tour con la guida."

Ó ṣàlàyé fún mi. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta láti ibi iṣẹ́ ló fẹ́ lo ìsinmi wọn ní Zanzibar ní oṣù kẹjọ. Amọ̀nà kan á mú wọn yí erékùṣù ká láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kálukú á sì wa tirẹ̀.

"Ta ló máa wa tìẹ?"

"Io, mamma! Chi altro?" Òun fúnra rẹ̀ ni, ta tún ni? Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni pé mo bi í pé ta ló ń bá a jẹun.

Owú gbà mí lọ́kàn. N kò ní bò ó, owú ni, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Láti oṣù kẹwàá ló ti ń kọ́ omi wíwẹ̀ nítorí ìrìn àjò yìí, ní piscina, adágún ìwẹ̀ kan, nítòsí ilé wa. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó sórí àga àwọn olùwòran, mò ń wo ọmọbìnrin kan tí kò tó ọgbọ̀n ọdún tó ń kọ́ ọmọ mi ní ohun tí mo ti mọ̀ láti ọmọ ọdún márùn-ún. N kò sọ fún Dámi rí pé mo mọ omi wẹ̀. Ìgbà tó kéré, n kò ráyè kọ́ ọ, nígbà tó sì dàgbà, ó rí ẹni tó máa kọ́ ọ. Àfi bí ẹni pé gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé ni wọ́n kó sínú páálí kan, tí wọ́n lẹ orúkọ ẹlòmíràn mọ́ ọn, tí wọ́n sì ní kí n bá wọn tì í lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, pásítọ̀ ní àwọn ọmọ wa yóò jù wá lọ. Mo pa ẹnu mọ́. Ìyá Tóbi, olórí àwọn obìnrin ìjọ, tí ó kọ́ Dámi ní ẹ̀kọ́ Bíbélì láti kékeré, yíjú sí mi.

"Ìyá Dámi, àmín yín dà?"

"Ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn mí, mà."

Lọ́jọ́ kejì ni mo pa irọ́ náà. Nínú ilé wa, àlá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nígbà tí Dámi wà ní seconda media, ọdún kejì ilé ìwé girama kékeré, ilé ìwé rẹ̀ fẹ́ lọ gita, ìrìn àjò ìgbafẹ́, mo sì lá àlá kan tí kò dára. Mo ní kò ní lọ. Ó sunkún títí. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ dákú sójú autostrada, òpópónà márosẹ̀, inú òjò ni gbogbo wọn wà títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó farapa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní mo lá àlá, Dámi máa ń dákẹ́. Ọmọ tó ń bá mi jiyàn lórí iye iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀ kì í bá mi jiyàn lórí àlá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa nígbà tí mo la ẹnu mi.

"Dámi, mo lá àlá kan. Mo rí ẹ lórí omi. Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn ẹ. Ò ń pè mí, mi ò sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹ."

Ó gbé ife kọfí sílẹ̀, ó bi mí bóyá mo lá a lóòótọ́. "L'hai sognato davvero?"

"Ṣé mo máa ń fi àlá ṣeré ni?"

Ó wo inú ife náà. "Va bene, mamma," ó ní. "Non ci salgo." Òun á bá àwọn ọ̀rẹ́ òun lọ sí Zanzibar, ṣùgbọ́n òun ò ní gun nǹkan náà.

Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, n kò sì mọ bí mo ṣe lè gba ọ̀rọ̀ náà padà.

Irọ́ náà sì ní ẹsẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Dámi sọ fún Ìyá Tóbi pé kó bá òun gbàdúrà sí i. Ìyá Tóbi fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo àwọn obìnrin: ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ láìmu títí di ìrọ̀lẹ́, lórí ọmọ wa Dámi. Báwo ni n ò ṣe ní gbà á? Èmi ni mo ṣáà lá àlá! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń fi ṣíbí bu pasta sí àwọn arúgbó lẹ́nu níbi iṣẹ́, tí ikùn mi ń pariwo débi pé ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá òjò fẹ́ rọ̀. Arábìnrin kan nínú wa ń gbé àpótí ní magazzino láti àárọ̀, ebi irọ́ mi ló ń pa òun náà. Nígbà tí a parí rẹ̀, Ìyá Tóbi dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀mí yín mọ́, ẹ fi ń ríran."

Oṣù kẹjọ dé, Dámi lọ. Lọ́jọ́ kẹta, àwòrán kan wọ orí fóònù mi níbi iṣẹ́. Orí iyanrìn ló jókòó sí, ó ká orúnkún mọ́ àyà, ó fi ẹ̀wù bo èjìká. Lẹ́yìn rẹ̀, lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí àwọn ọ̀kadà orí omi tó tò tẹ̀lé ara wọn lọ, omi funfun ń fọ́n ní ìdí wọn. Abẹ́ àwòrán náà ló kọ ọ́ sí: "Vedi che ti ascolto." Ó fẹ́ kí n rí i pé òun gbọ́ràn.

Mo wọ inú yàrá tí a ń kó aṣọ ìbùsùn sí, mo ti ilẹ̀kùn, mo pe Ẹ̀pẹ́.

"Màmá, ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà."

"Ẹ̀ẹ́n, ọmọ mi. Ohùn ẹ ò dáa."

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn, látorí fídíò dórí ààwẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ jowú mi rí?"

"Ọjọ́ tó o pè mí pé o ti ń wa mọ́tò," ni wọ́n wí láìrònú. "Mo kí ẹ kú oríire, mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sínú ọkọ̀ bàbá ẹ, ṣé wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rí?"

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Kí n sọ kí ni? Owú ò pààyàn. Ṣùgbọ́n mi ò lá àlá pé mọ́tò ẹ máa gbókìtì. Ìwọ lo lá èyí tó o ò sùn lá."

"Kí ni kí n ṣe báyìí, mà?"

"Sọ fún un. Kí àwọn ará ìjọ yín tó sọ fún un pé Ọlọ́run ló gbà á lọ́wọ́ ikú."

N kò tètè sọ. Dámi dé, awọ rẹ̀ ń dán, ó mú aṣọ kan bọ̀ fún mi, mo ní màá sọ lọ́la. Ọ̀la di ọjọ́ Ìsinmi. Àkókò ẹ̀rí tó, mo sì gbọ́ ohùn Ìyá Tóbi láti iwájú.

"Ìyá Dámi, ẹ bọ́ síbí! Ẹ wá sọ ohun tí Olúwa ṣe lórí omi!"

Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé máìkì lé mi lọ́wọ́. Dámi wà ní ìlà kẹta, ó gbé fóònù sókè, ó ń ká mi sílẹ̀ kó lè fi ránṣẹ́ sí ìyá ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

"Ẹ yin Olúwa," ni mo wí.

"Halelúyà!"

"Mi ò lá àlá."

Àwọn kan la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ tún ké Halelúyà, nítorí ó ti mọ́ wọn lẹ́nu.

"Mi ò lá àlá kankan. Mò ń jowú ọmọ mi ni. Ó fẹ́ ṣe ohun tí mo ti fẹ́ ṣe láti kékeré, mi ò sì fẹ́ kó ṣe é. Gbogbo ààwẹ̀ tẹ́ ẹ gbà, irọ́ mi lẹ gbà á lé lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Arákùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù tẹ ohùn kan, ó sì yára gbé ọwọ́ kúrò. Mo rí i tí Dámi rọra gbé fóònù sílẹ̀.

Ibi tí mo gbé mọ́tò sí ni Dámi ti bá mi. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"E la gita?" ó ní, bóyá irọ́ ni àlá ìgbà ìrìn àjò ilé ìwé yẹn náà. "La gita di seconda media? Anche quella?"

"Rárá o! Ìyẹn, mo lá a. Mo fi Ọlọ́run búra."

"E io come faccio a saperlo?"

Báwo ló ṣe máa mọ̀ lóòótọ́? Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì ní ìdáhùn sí i.

Kó tó di òpin oṣù kẹsàn-án, Dámi kó lọ sí Verona, òun àti ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba ilé pọ̀. Bí mo bá pè é, "Sì," "No," àti "Ciao" ni mo máa ń gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í se ìrẹsì ẹni kan, n kò sì mọ̀ ọ́n sè, ó máa ń jóná. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé mo mọ ohun tí ìdánìkanwà jẹ́ láti Torino. Ṣùgbọ́n ní Torino, ilé tí mo ti wá ni àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ní Padova, ọmọ tí mo bí sí ilẹ̀ yìí ni ilé mi. Òun ló ń bá mi ka lẹ́tà Comune, òun ló mọ ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ará ibí ń ṣe. Àlejò ni mí nínú ìlú yìí, ọmọ mi ni onílé. Mo ti jowú ìyẹn náà láìmọ̀, bí àlejò ṣe ń jowú onílé, títí tí onílé fi kó ẹrù rẹ̀.

Ìyá Tóbi nìkan ló wá kí mi. Ó jókòó sí kíṣìnnì mi, ó wo ìkòkò tó jóná.

"Ìyá Dámi, ọjọ́ tí Tóbi wọ yunifásítì, mo sunkún nínú ilé ìwẹ̀. Gbogbo yín ní ẹkún ayọ̀ ni. Ayọ̀ kọ́."

Mo wò ó. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò jẹ yẹn ṣì wà lọ́rùn yín o. Ẹ dìde, ẹ gún iyán."

Mo gún un. A jẹ ẹ́ tán.

Oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀lé e ni Dámi pè mí fúnra rẹ̀.

"Mamma. Hai rubato una barca?"

Ó ní ṣé mo jí ọkọ̀ ojú omi rí. Màmá mi ló tú àṣírí. Dámi pe Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń tiro, ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé mo ti fẹ́ wa ọkọ̀ láti kékeré. Màmá sì sọ ti ọjọ́ tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí bàbá mi sùn lọ́sàn-án, tí mo tú ọkọ̀ rẹ̀, tí mo fa ẹ́ńjìnnì, tí mo sì wà á jìnnà débi pé èbúté ń dà bí ìlà. Epo ló tán. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló wá fi okùn wọ́ mi padà, gbogbo èbúté ń fi mí ṣẹ̀sín. Bàbá mi kò nà mí. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbọ́n omi inú ọkọ̀. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

"Mo jí i," ni mo dá Dámi lóhùn. "Mi ò tíì tọrọ àforíjì."

Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ó ní òun ń padà sí Zanzibar ní oṣù kẹjọ, kí n bá òun lọ, ṣùgbọ́n láìsí àlá.

"Ad agosto ci torno," ó ní. "Vieni con me? Però niente sogni."

"Kò sí àlá kankan," ni mo ṣèlérí. "Kódà bí mo bá lá a."

Báyìí ni mo ṣe dúró lórí iyanrìn funfun ní Zanzibar láàárọ̀ kùtù, tí mo wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ọ̀kadà orí omi márùn-ún ló tò síbẹ̀. Juma ni amọ̀nà wa ń jẹ́, ọmọ etí òkun yẹn gan-an. Àwọn arìnrìn-àjò láti Ítálì ló kọ́ ọ ní èdè wọn, ó sì gbọ́ ọ jù mí lọ. Mo jowú ìyẹn náà díẹ̀. Ó wo awọ wa, ó gbọ́ ohùn Dámi, ó rẹ́rìn-ín.

"Italiane?"

"Di Padova," ni Dámi wí.

"Ẹ̀pẹ́," ni mo fi kún un. Kò mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó gbọ́ ọ.

Ó ka òfin fún wa. Kálukú á tẹ̀lé ẹni tó wà níwájú rẹ̀, àyè á sì wà láàárín. Bí òun bá gbé ìkúùkù sókè, kí gbogbo wa dúró. Bí òun bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí a rọra. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá òun. Okùn pupa kan wà tí wọ́n máa so mọ́ ọrùn ọwọ́ ẹni tó bá ń wà á, kó lè jẹ́ pé bó bá já sómi, ẹ́ńjìnnì á kú.

"Chi guida?" ó bi àwa méjèèjì pé ta ló máa wà á.

"Io." Dámi ti na ọwọ́ kí n tó la ẹnu, okùn pupa sì di tirẹ̀.

Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, mo di ìbàdí rẹ̀ mú. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n kiri Brescia, òun ló wá pọ̀n mí yìí. A gbéra. Ó mọ̀ ọ́n wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń kọlu ìgbì ní tààràtà, ìdí wa sì ń gbá ìjókòó gbì, gbì, gbì. Mo mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Mo pa ẹnu mọ́, eyín mi ń gbá ara wọn.

A yí erékùṣù kìíní ká, igi rẹ̀ ṣú dé etí omi, èèyàn kankan kò gbé ibẹ̀. Omi yí padà lábẹ́ wa, ó di aró, ó tún mọ́ débi pé mo rí òjìji tiwa fúnra wa lórí iyanrìn ìsàlẹ̀. Ní apá kan tí omi kò jìn, àwọn obìnrin kan dúró nínú rẹ̀ dé ìbàdí, wọ́n ń so koríko omi tí wọ́n gbìn mọ́ okùn. Juma tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, a rọra kọjá. Ọ̀kan nínú wọn gbé ojú sókè, ó wò mí. Kì í ṣe Dámi ló wò, èmi ni, obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣeré lórí omi láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Mo mọ ojú yẹn. Òun ni mo fi wo odò Po ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè kí i. Kò dáhùn, n kò sì bá a wí.

Ìkúùkù Juma lọ sókè níbi tí iyanrìn ti yọ orí láàárín òkun. A sọ̀kalẹ̀, ó gé ọ̀pẹ̀yìnbó fún wa. Dámi jẹ tirẹ̀ tán. Nígbà tó tó àkókò láti gbéra, ó tú okùn pupa náà, ó fa ọwọ́ mi, ó sì so ó mọ́ ọn bí mo ṣe máa ń so aago mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó wà ní kékeré.

"Guida tu." Èmi ni kí n wà á.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Mamma. Sali," ó ní, ó tọ́ka sí ìjókòó iwájú.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí epo tán nínú ọkọ̀ tí mo jí. Mo fa irin kékeré abẹ́ ìka mi, nǹkan náà sì dáhùn. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ jù báyìí lọ: mo béèrè, ó dáhùn. Ìgbì ńlá kan ń bọ̀. Àwọn tó wà níwájú kọlù ú gbì. Èmi kò kọlù ú. Mo dàgẹ̀rẹ̀ gbà á bí bàbá mi ti máa ń ṣe nígbà tí mo jókòó síwájú pẹ̀lú ìgbọ́nmi lọ́wọ́, tí mo ń fi ojú jí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́. A gòkè, a sọ̀kalẹ̀, ìdí wa kò gbá nǹkan kan. Mo ké. Orúkọ bàbá mi ni mo ké, ìbínú wà nínú rẹ̀, ìdùnnú náà sì wà níbẹ̀. Mo yí erékùṣù kejì ká, mo yí ẹ̀kẹta ká, n kò kọjá amọ̀nà, ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ̀ pé ó wù mí.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, Juma wá bá mi ní tààrà, ó kí mi kú iṣẹ́, ó bi mí ibi tí mo ti kọ́ ọ.

"Signora, complimenti! Dove ha imparato?"

"Su una barca rubata," ni mo dá a lóhùn, pé inú ọkọ̀ tí mo jí ni mo ti kọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ò tíì rí àlejò tó gba ìgbì bẹ́ẹ̀.

Dámi ń bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ń bọ́ ọ pẹ́ jù.

"A me non l'ha detto," ó ní láìwò mí.

Lóòótọ́, Juma kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i níbẹ̀ kedere, owú tèmi gan-an, bí ẹni pé ó jogún rẹ̀ pẹ̀lú imú mi. Ó yẹ kí n pọ́n ọn lé. Ó yẹ kí n ní òun náà gbìyànjú. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ní láti wo ibòmíràn.

"Tó o bá fẹ́," ni mo sọ fún un nígbà tó yá, "màá kọ́ ẹ."

Ó bojú wò mí. "Domani?"

"Lọ́la."

Ọjọ́ Ìsinmi tí a padà dé Padova, Dámi sùn sí ilé mi, a sì jọ lọ sí ìsìn. Ìyá Tóbi wà lápá ọ̀tún mi, Dámi wà lápá òsì. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Àwọn ọmọ wa yóò jù wá lọ!"

Ìyá Tóbi yíjú, ó ń ṣọ́ ẹnu mi. Mo ṣe àmín. Mo ṣe é sókè, mo ṣe é tọkàntọkàn, lórí ilé, lórí iṣẹ́, lórí ìwé Comune, lórí gbogbo ọ̀nà ilẹ̀ tí ọmọ mi máa rìn. Lẹ́yìn náà, mo di ojú, mo sọ fún Ọlọ́run ní jẹ́jẹ́ pé ní ti orí omi, kó jọ̀ọ́, kó fún mi ní ọdún méjì sí i.